Ìrìn àjò òṣèlú Ọba Ládọjà: ṣé ẹni tó pàdánù ni, àbí ẹni tó mú sùúrù?

Ọmọ_Òjé
Sátidé, 7:42 àárọ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní yunifásítì ló bi mí lánàá pé ṣé òótọ́ ni pé Olúbàdàn ti ṣe gómìnà rí. Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú díẹ̀, ó sì tún pa mí lẹ́rìn-ín. Ìbàdàn ni wọ́n bí ọmọ yìí sí, ní 2005. Ládọjà tó mọ̀ ò ju èyí tó rí ní Mápó ní September 26, 2025 lọ, tòun ti adé àti ìlẹ̀kẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un lórí fóònù títí kírẹ́díìtì fi tán. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́ síbí, kí ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ bá mi tún un ṣe.

1944 ni wọ́n bí Rashidi Adéwọlú Ládọjà. Ó lọ Ibadan Boys' High School, ó lọ Olivet ní Ọ̀yọ́, ó wá gba Belgium lọ, ó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà kẹ́míkà ní Liège. Nígbà tó dé, ó ṣiṣẹ́ ní Total fún ọdún mẹ́tàlá, ó kúrò níbẹ̀ ní 1985, ó bẹ̀rẹ̀ òwò tirẹ̀. Ẹ rí i pé kì í ṣe inú òṣèlú ló ti rí jẹ. Ní 1993 ó wà ní ilé aṣòfin àgbà gẹ́gẹ́ bíi sẹ́nétọ̀; Abacha dé ní November, ó tú gbogbo wọn ká. Ọdún 1993 yẹn náà ni wọ́n fi í jẹ Jagun Olúbàdàn, ìyẹn oyè ìsàlẹ̀ tí wọ́n ti ń gòkè lọ sórí ìtẹ́ Olúbàdàn.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn nìyẹn. Ọdún kan náà ló gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà méjì. Àkàbà oyè, kò sí ìkánjú níbẹ̀: bí àwọn tó wà lókè bá ń gbésẹ̀, ìwọ náà á máa gòkè, bí ẹ̀mí bá ṣáà ti wà. Ọdún 32 ló fi gun ìyẹn débi orí ìtẹ́. Àkàbà òṣèlú ni wọ́n ti ń tì í ṣubú. Ó gbé àpótí gómìnà lábẹ́ PDP ní 2003, ó wọlé. Wọ́n yọ ọ́ ní January 2006, ilé ẹjọ́ dá a padà ní December, ẹgbẹ́ rẹ̀ ò fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ní 2007. Ó dé ẹgbẹ́ Accord, ó ṣe ìpò kẹta ní 2011, ó ṣe ìpò kejì ní 2015. EFCC gbé e lọ sílé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn ₦4.7 billion láti 2008, February 2019 ni adájọ́ tó sọ pé kò jẹ̀bi.

Bí ẹ bá wò ó bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ló wọlé gómìnà. Kí la ó wá pe irú òṣèlú bẹ́ẹ̀?

---

Ìyá_Aláṣọ_Gbági
Sátidé, 8:05 àárọ̀

O kọ gbogbo èyí, o ò dárúkọ Adédibú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ mi, ṣé ara rẹ yá?

---

Ọmọ_Òjé
Sátidé, 8:11 àárọ̀

Ẹ má bínú mà. Mo mọ̀ pé bí mo bá dárúkọ wọn níbẹ̀rẹ̀, a ò ní sọ̀rọ̀ ẹlòmíì mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

---

Bàbá_Mọ̀lété
Sátidé, 9:30 àárọ̀

Ilẹ̀ á ṣú náà ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, nítorí àdúgbò ni mo wà.

Ẹni tí kò bá dé ilé Alhaji Lámidì Adédibú ní Mọ̀lété nígbà ayé wọn kò lè mọ ohun tí wọ́n ń pè ní òṣèlú àmàlà. Òótọ́ ni àmàlà náà, kì í ṣe àpèjúwe. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń rokà. Aláìsàn á dé, ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé á dé, ẹni tó fẹ́ di káńsẹ́lọ̀ á dé, gbogbo wọn á jẹun kí wọ́n tó sọ ohun tó gbé wọn wá. Àwọn kan ń pè wọ́n ní Aláàfin Mọ̀lété, wọn ò sì kọ̀ ọ́. Nígbà tí ìbò bá wá dé, gbogbo ẹnu tó ti jẹun níbẹ̀ ló di ìbò.

Ní 2003, Lam Adéṣínà ti ẹgbẹ́ AD ló wà nípò gómìnà, ó ń wá ẹ̀ẹ̀kejì. PDP gbá ilẹ̀ Yorùbá mọ́ lọ́dún yẹn, Èkó nìkan ló ṣẹ́kù. Níhìn-ín, ọwọ́ Mọ̀lété ló wà nídìí ìgbálẹ̀. Mo rí i lójú mi: Ládọjà kò dá wọlé. Ó ní owó, ó ní ìwé, ó ní orúkọ, ṣùgbọ́n kò ní àwọn èèyàn tó ń jí lọ sí wọ́ọ̀dù láago mẹ́fà àárọ̀. Adédibú ló ni wọ́n.

Nígbà tó wọlé tán, ó jókòó sí Bódìjà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi gómìnà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ta ni kọmíṣánnà, ta ni alága káńsù, ta ló ń gba kọńtíráàtì. Nígbà tó fi máa di August 2004, gbogbo ìlú ló ti mọ̀ pé Mọ̀lété àti Bódìjà ò kí ara wọn mọ́. Adédibú ò tilẹ̀ fi bò. Wọ́n sọ fún àwọn oníròyìn pé ₦65 million ni gómìnà ń gbà lóṣù fún ètò ààbò, pé ₦15 million nínú rẹ̀ ló yẹ kó máa dé ọwọ́ àwọn, pé Ládọjà yẹ àdéhùn. Ẹ gbọ́ o, wọ́n sọ ọ́ ní gbangba! Ahmadu Ali tó jẹ́ alága PDP ní Àbújá náà wá pe Adédibú ní ọ̀gágun tó ni bárékè, pé kí gómìnà máa gba àṣẹ lẹ́nu wọn.

Tèmi ni pé kí ẹnikẹ́ni má sọ Ládọjà di mọ̀lẹ́bí àwọn málàíkà nínú ìtàn yìí. Ẹni tó bá gba ọmọ ogun lọ́wọ́ ẹlòmíì mọ̀ pé ẹni náà á béèrè. Ó mọ ilé tó wọ̀ kó tó wọ̀ ọ́.

---

Ọ̀dọ́_Challenge
Sátidé, 9:47 àárọ̀

Bàbá, nítorí pé ó mọ ilé tó wọ̀, ṣé kó wá máa kó owó ààbò wa fún wọn lóṣooṣù ni?

---

Bàbá_Mọ̀lété
Sátidé, 9:55 àárọ̀

N kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n má pè é ní aláìmọ̀kan. Kíkọ̀ tó kọ̀ dára. Ìdí tó fi ní ohun tó ń kọ̀ ni mo ń sọ.

---

Lọ́yà_Àgódi
Sátidé, 11:20 àárọ̀

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ̀yin àgbà ti sọ ti ilé, ẹ jẹ́ kí n sọ ti kóòtù, nítorí pé níbi tí ẹ̀yin ti rí ìjà bàbá ìsàlẹ̀ àti ọmọ, ẹjọ́ ni àwa rí, ẹjọ́ náà sì ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní.

Abala 188 nínú ìwé òfin 1999 ló sọ bí wọ́n ṣe ń yọ gómìnà. Ó fẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ọ̀yọ́ ní èèyàn 32. Ẹ pín 32 sí ọ̀nà mẹ́ta, ẹ mú ìdá méjì nínú rẹ̀, ẹ ó rí 21 àti díẹ̀. Kò sí aṣòfin tó ń jẹ́ "díẹ̀", nítorí náà 22 ni. Àwọn tó fẹ́ yọ Ládọjà jẹ́ 18. Ó tán níbẹ̀ yẹn ná.

Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é. Ní December 13, 2005, àwọn 18 yìí kó ara wọn lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì D'Rovans, níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìpàdé tí wọ́n ní ìpàdé ilé ni. Abẹ́nugan, Adéolú Adélékè, kò sí lára wọn. Adélékè àti àwọn tó kù gba kóòtù lọ. Ilé ẹjọ́ gíga ní Ìbàdàn sọ pé òun ò lágbára láti dá sí i, pé ọ̀rọ̀ ìyọnípò kì í ṣe ti kóòtù. Wọ́n parí iṣẹ́ wọn ní January 12, 2006, wọ́n búra fún igbákejì rẹ̀, Adébáyọ̀ Àlàó-Akálà.

November 1 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n ṣe kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kò tilẹ̀ tún dá ẹjọ́ padà sísàlẹ̀, ó dá a parí fúnra rẹ̀. December 7 ni ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ fọwọ́ sí i, ó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní January 12, 2007. Adájọ́ Niki Tobi ló kọ èyí tó léwájú. Kókó rẹ̀ ni pé kóòtù ò lè gbọ́ bóyá ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan gómìnà tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó lè béèrè bóyá wọ́n tẹ̀lé ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀. Gómìnà tí wọ́n bá fẹ́ fi ìbínú yọ lóru, ẹjọ́ yìí ni lọ́yà rẹ̀ ń kọ́kọ́ mú jáde nínú àpò. Peter Obi ní Anambra àti Dariye ní Plateau, àwọn náà padà sípò wọn ní 2007.

Ohun kan tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni pé Ládọjà tún padà sí kóòtù. Ó ní oṣù mọ́kànlá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ òun, kí wọ́n fi kún un. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé rárá, ọdún mẹ́rin gómìnà kì í nà. Nítorí náà ó jàre, oṣù mọ́kànlá sì lọ. Mo máa ń rò ó pé kò sí ẹjọ́ tó jọ ìgbésí ayé òṣèlú bàbá yìí tó èyí: ó jàre tán, àmọ́ kò rí ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ gbà padà.

---

Ọmọ_Ṣọ̀ún
Sátidé, 12:02 ọ̀sán

Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ará Ògbómọ̀ṣọ́ náà sọ̀rọ̀. Ẹ kàn ń dárúkọ Akálà bí ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò. Igbákejì gómìnà ló jẹ́. Òfin ló ní bí wọ́n bá yọ gómìnà, kí igbákejì gorí àga. Ṣé kó ní òun ò gorí ẹ̀ ni? Ìbò 2007 náà ló sì fi wọlé.

Mo sì fẹ́ kí ẹ ṣe àkíyèsí ohun kan. January 12, 2006 ni wọ́n búra fún wọn. January 12, 2007 ni ilé ẹjọ́ ṣàlàyé ìdí tí ìbúra náà ò fi lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. January 12, 2022 ni wọ́n kú. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí, ọjọ́ yẹn kì í dùn mọ́ mi nínú kàlẹ́ńdà.

---

Ìyá_Aláṣọ_Gbági
Sátidé, 12:10 ọ̀sán

Háà. Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn. Èèyàn dáadáa ni wọ́n sí àwa oníṣòwò o, mo ń sọ tèmi.

---

Òṣìṣẹ́_fẹ̀yìntì
Sátidé, 2:36 ọ̀sán

Ẹ̀yin ń sọ ọjọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú rí. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ọba nígbà náà, ní ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n búra fún Akálà, ọ̀gá wa pe mẹ́sẹ́ńjà pé kó gun tábìlì, kó sọ fọ́tò gómìnà kalẹ̀ lára ògiri. Bàbá àgbà ni mẹ́sẹ́ńjà yìí, ó ju ọ̀gá gan-an lọ lọ́jọ́ orí. Ó sọ fọ́tò náà kalẹ̀, ó bi ọ̀gá pé, "Ibo ni kí n gbé e sí, sà?" Ọ̀gá ò dáhùn, ó ń wo fèrèsé. Bàbá wá fi ìwé ìròyìn wé e, ó tì í sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù fáìlì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, fọ́tò Akálà dé, wọ́n fi kọ́ ìṣó kan náà.

Oṣù mọ́kànlá. Ní November tí kòtẹ́milọ́rùn ti dájọ́, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ògiri, nítorí pé wọ́n ní kí gbogbo wa dúró de ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ. Inú ọ́fíìsì pa lọ́lọ́. Bí mémò bá dé, a ó kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Bí ènìyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀ nínú kọ́rídọ̀, tí ẹnìkẹta yọ, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

Ní December 12 tí Ládọjà padà wọlé, bàbá ò dúró kí ẹnikẹ́ni rán òun. Ó lọ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó nu eruku, ó gun tábìlì, ó gbé Ládọjà kọ́. Ìwé ìròyìn kan náà tó fi wé tàkọ́kọ́ ló fi wé Akálà, ó tì í síbi tí èkínní ti jáde. Ọ̀gá ní kí ló dé tí kò sọ ọ́ nù. Bàbá ní, "Ìbò ń bọ̀ ní April, sà."

May 2007, bàbá tún gun tábìlì.

---

Ọmọ_Òjé
Sátidé, 2:50 ọ̀sán

Mo rẹ́rìn-ín débi pé ìyàwó mi wá wò mí. "Ìbò ń bọ̀ ní April, sà." Bàbá yẹn ló yẹ kó jẹ́ kọmíṣánnà.

---

Ọ̀dọ́_Challenge
Sátidé, 3:15 ọ̀sán

Ìtàn dùn o, àmọ́ kò sẹ́ni tó tíì dáhùn ìbéèrè tó yẹ kí a béèrè nípa gómìnà. Kí ló ṣe? Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Adédibú, hòtẹ́ẹ̀lì, kóòtù, fọ́tò. Mi ò rí ilé ìwé kan, mi ò rí ọ̀nà kan. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ Jákàńdè ní Èkó, ẹnu ò ní tíì là tán tí wọ́n á ti máa ka ilé tó kọ́ fún ẹ. Kí ni tiwa?

---

Bàbá_Mọ̀lété
Sátidé, 3:40 ọ̀sán

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Oṣù 48 ni òfin fún un. Yọ 11 kúrò, ó ku 37. Nínú 37 yẹn, bí oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi jókòó láìsí ogun, láti May 2003 dé August 2004. Ìyókù, ogun ló ń jà: aṣòfin ń bá a jà, ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá a jà, Àbújá ń bá a jà, àwọn onímọ́tò pín sí méjì, wọ́n ń lé ara wọn káàkiri ìgboro. Èyí tó padà wá ṣe, December sí May, ẹni tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ni.

N kò fi èyí gbè é o. Mo ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ bi í pé kí ló kọ́, kó bi Mọ̀lété náà, kó sì bi Aso Rock.

---

Ọ̀dọ́_Challenge
Sátidé, 3:52 ọ̀sán

Ó dáa. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká gbà pé àwa tí a ń gbé ìlú la san owó ìjà náà. Màmá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Mọ́kọ́lá nígbà yẹn. Ọjọ́ tó ń ṣí kò tó ọjọ́ tó ń tì í. Kò sí ilé ẹjọ́ kankan tó dá ìyẹn padà fún un.

---

Òṣìṣẹ́_fẹ̀yìntì
Sátidé, 4:01 ìrọ̀lẹ́

Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. A dúpẹ́ pé màmá yè é.

---

Kẹ́hìndé_Peckham
Sátidé, 6:18 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìlú ọba ni wọ́n bí mi sí, ará Ìbàdàn ni bàbá mi. Ẹ dárí jì mí bí ìbéèrè mi bá jọ ti ọmọdé. Báwo ni ẹni tó ti ṣe gómìnà, tí wọ́n ti bá ṣẹjọ́, tó ti gba ẹgbẹ́ bíi mélòó kan kọjá, ṣe wá di ọba? Ṣé wọ́n dìbò yàn án ni? Ṣé ọmọ ọba ni?

---

Ìyá_Aláṣọ_Gbági
Sátidé, 6:40 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ mi, ẹ ò ṣe ohun tó burú. Ìbàdàn ò ní ilé ọmọ ọba. Ìlú jagunjagun ni. Ẹni tó bá jẹ́ mọ́gàjí, ìyẹn olórí agboolé rẹ̀, lè gba oyè Jagun, á wá máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà, ti Ọ̀tún àti ti Balógun. Ti Ọ̀tún jẹ́ àtẹ̀gùn 22, ti Balógun jẹ́ 23. Bí ọ̀kan bá jọba lónìí, ọ̀nà kejì ló kàn lọ́la. Kò sí pé ojú rẹ wu gómìnà. Agboolé Arusà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣì ni Kábíyèsí ti wá, ọ̀nà Ọ̀tún ni wọ́n gbà. Àwọn Ọba Adétúnjí lọ ní January 2022, Ọba Lekan Balógun jẹ, wọ́n lọ ní March 2024, Ọba Olákùlẹ́hìn jẹ, wọ́n lọ ní July 2025. Ó wá kan Kábíyèsí.

Àgbà ni wọ́n fi ń jọba níbí. Ọjọ́ kejì tí wọ́n pé ọmọ ọdún 81 ni wọ́n dé adé.

---

Kẹ́hìndé_Peckham
Sátidé, 6:47 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣé gan-an, màmá. Bàbá mi ò ṣàlàyé rẹ̀ báyìí fún mi rí.

---

Lọ́yà_Àgódi
Sátidé, 8:30 alẹ́

Níbi tí màmá fẹ̀yìn tì yìí ni àkàbà méjèèjì ti kan ara wọn, n kò sì mọ ìdí tí Ọmọ_Òjé fi fò ó.

Ní August 2017, gómìnà Ajímọ̀bí yí òfin oyè Ìbàdàn padà, ó dé àwọn àgbà ìjòyè ládé ìlẹ̀kẹ̀, pẹ̀lú àwọn baálẹ̀, gbogbo wọn 21. Lójijì, ìlú tó ní ọba kan di ìlú tó ní ọba yanturu. Olúbàdàn ìgbà náà, Ọba Saliu Adétúnjí, kò fara mọ́ ọn. Nínú àwọn àgbà ìjòyè, Ládọjà tó jẹ́ Ọ̀ṣì Olúbàdàn nígbà náà ló kọ̀ pé òun ò gba adé. Kí ló ṣe? Ó gba kóòtù lọ. January 2018 ni ilé ẹjọ́ gíga wọ́gi lé gbogbo rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ o. Ajímọ̀bí yìí ló fìdí rẹ̀ janlẹ̀ ní 2011 àti 2015. Lórí àpótí ìbò, kò lè ṣe nǹkan kan fún un. Nínú oyè àti òfin, ó dá a dúró. Èmi rí ọkùnrin kan tó jẹ́ pé ohun ìjà kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n lò dáadáa, ìyẹn ni ìwé ìpẹ̀jọ́ àti sùúrù láti dúró de èsì rẹ̀. 2006, 2017, ẹjọ́ EFCC tó gba ọdún mọ́kànlá, ọ̀nà kan náà ni.

---

Ọ̀dọ́_Challenge
Sátidé, 8:44 alẹ́

Lọ́yà, ẹ má fi ìdajì ìtàn bò wá mọ́lẹ̀. Adé tó kọ̀ ní 2017, ṣé kò gbà á ní 2024?

---

Lọ́yà_Àgódi
Sátidé, 9:02 alẹ́

Ó gbà á. Ní 2023, wọ́n tún dé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ládé lábẹ́ òfin tí gómìnà Mákindé ṣe, kò bá wọn débẹ̀. Ní 2024 tó ti di Ọ̀tún Olúbàdàn, tó ku òun nìkan, ó gbà. Ìyàtọ̀ tí mo rí ni pé ti 2017, gómìnà ló gbé adé lé wọn lórí. Nínú ti ìkẹyìn yìí, Olúbàdàn ló ń dé wọn ládé, gómìnà sì ń fọwọ́ sí i.

---

Ọ̀dọ́_Challenge
Sátidé, 9:06 alẹ́

Ìyàtọ̀ tí èmi rí ni pé ní 2024 ipò kan péré ló kù kó jọba, ọ̀rọ̀ sì ti ń lọ pé ẹni tí kò bá gba adé kò ní lè jẹ. Ìlànà dára títí ìtẹ́ á fi sún mọ́ etí.

---

Bàbá_Mọ̀lété
Sátidé, 9:20 alẹ́

Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu rẹ mú. Ṣùgbọ́n o ò purọ́. Ọ̀rọ̀ méjèèjì lè jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ̀ nígbà tí kíkọ̀ ná an lówó àti ọ̀rẹ́, ó gbà nígbà tí gbígbà ò ba nǹkan jẹ́ mọ́. Òṣèlú ni. Ẹ ò gbọ́ ohun tó béèrè lọ́wọ́ Ààrẹ Tinúbú lọ́jọ́ tí wọ́n ń dé e ládé? Ìpínlẹ̀ Ìbàdàn. Adé ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí ni, ó ti ń gbé ìwé ìbéèrè síwájú Àbújá. Adédibú ì bá wà níbẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín.

---

Ọmọ_Ṣọ̀ún
Sátidé, 9:31 alẹ́

Tí wọ́n bá fún yín ní Ìpínlẹ̀ Ìbàdàn, ẹ fi Ọ̀yọ́ tó kù sílẹ̀ fún wa. Ẹ ti ṣe gómìnà tó. Láti 1999: Lam, Ìbàdàn. Ládọjà, Ìbàdàn. Ajímọ̀bí, ẹ̀ẹ̀mejì, Ìbàdàn. Mákindé, ẹ̀ẹ̀mejì, Ìbàdàn. Akálà nìkan ni tiwa, ẹ sì ń bá wa jà lórí rẹ̀ láti àárọ̀.

---

Ìyá_Aláṣọ_Gbági
Sátidé, 9:38 alẹ́

😂 Ẹ gba Akálà yín, a ò jà mọ́.

Alábòójútó, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ẹjọ́ kan. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wo àkọlé yìí. "Ìrìn àjò òṣèlú Ládọjà." Ládọjà lásán. Ọba ni wọ́n o. Ìbàdàn là ń gbé, a kì í dá orúkọ ọba pè bí ẹni ń pe ọmọ iṣẹ́.

---

Alábòójútó
Sátidé, 9:50 alẹ́

Màmá, ẹ má bínú. Mo ti fi "Ọba" síwájú orúkọ nínú àkọlé.

---

Ọmọ_Òjé
Sátidé, 9:53 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́ mà, àforíjì. Àwọn ibi tí mo ti kọ Ládọjà nínú ọ̀rọ̀ mi ńkọ́, ṣé kí n tún gbogbo rẹ̀ ṣe?

---

Ìyá_Aláṣọ_Gbági
Sátidé, 9:58 alẹ́

Èyí tó jẹ́ ti 2006, fi í sílẹ̀. Wọn ò tíì jọba nígbà yẹn.